Kútẹ́ẹ̀sì Orí Síkúrù

Eyín ni ọmọbìnrin náà fi di tọ́ọ̀ṣì kékeré mú lọ́jọ́ tí Usamah kọ́kọ́ rí i. Ó ti ki orí bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ńlá kan. Ó so híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn kí irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ má baà kàn án, èéfín lẹ́ẹ̀dì sì ń rú gba etí rẹ̀ kọjá. Òógùn kán tótó ní imú rẹ̀, kò ráyè nù ún.

Usamah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé tẹlifíṣọ̀n ìyá rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé àgbò iléyá. Nínú kẹ̀kẹ́ ló ti gbé e lé itan láti ẹ̀yìn ọjà Tìmì títí dé Òkè Gadà. Itan ọ̀hún ti kú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ọ̀gá ti kú."

"Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nígbà wo?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Bàbá mi ni. Èmi ni ọ̀gá báyìí. Kí ló ṣe tẹlifíṣọ̀n yín?"

Ká ní Usamah pa ẹnu mọ́ níbẹ̀ ni, ì bá dáa. Àmọ́ ó wo iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé kò sí ọkùnrin kankan tó ń bá yín ṣe é ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Zulfah, ọmọbìnrin yìí, wà tí Ọládòṣù bàbá rẹ̀ ti fi irin sódà lé e lọ́wọ́. Kò sí rédíò kan tó ń sọ̀rọ̀ ní Òkè Gadà tí kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ẹnì kan á gbé nǹkan tó ti bàjẹ́ wá, á tún máa wá ọkùnrin. Ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń tú síkúrù ni?

"Ọkùnrin wà," Zulfah dáhùn. "Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù Najeem lọ́wọ́ ọ̀tún. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Ẹ gbé e lọ bá a."

Usamah wo ọ̀nà, ó wo itan ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹnu mi ló yá ju orí mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

"Ọ̀gá" yẹn rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ó tọ́ka sí orí tábìlì. Usamah gbé ẹrù náà kalẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ṣé iná pupa iwájú rẹ̀ ń tàn?"

"Rárá."

"Ó ń kùn nínú?"

"Ó dún pàù lẹ́ẹ̀kan, ó gbé jẹ́ẹ́."

"Ẹ ti yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò nílé? Wọ́n lè máa lu ọmọ ọlọ́mọ kó jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló jalè o."

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáa."

"Fíúsì ńkọ́?"

Usamah wúkọ́. "Mo... mo wò ó."

Zulfah tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó ki tọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó wò ó títí. Nígbà tó gbójú sókè, ojú náà ti yàtọ̀. Ó mú fíúsì jáde, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ti fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e láti orí dé ìdí.

"Ta ni ọ̀dájú tó ṣe èyí?"

Usamah ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ wò ó, fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí iná bá pọ̀ jù, òun ló máa kọ́kọ́ kú kí ará inú ilé má baà kú. Ẹni yìí rí òkú ẹ̀ṣọ́, kò sin ín, ó gbé e nàró, ó wọṣọ fún un! Iná wá rìn wọlé, ó jó tíránsítọ̀ pa." Ó na ìka sí nǹkan dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ikùn rẹ̀ ti là. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe gan-an?"

"Tíṣà ni mí. Ní ìlú Ara."

"Kí lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ?"

Zulfah fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ìdáhùn náà. "Físíìsì."

Zulfah gbé irin sílẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gba imú rẹ̀ jáde, ó tún gba ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Usamah náà ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín gbé e. Ibẹ̀ gan-an lọkàn rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Ọládòṣù, kò sì gbà á padà mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní nígbà tí ẹ̀rín tán, "kó má dé etí màámi. Bàbá mi tó di olóògbé ló ra tẹlifíṣọ̀n yìí, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e síbi tó wà. Ààwẹ̀ ń bọ̀, inú rẹ̀ ni màámi ti ń gbọ́ tàfúsírù. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́..."

"Ẹnu mi ò ní sọ ọ́. Ẹnu yín ló yẹ kó sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, tẹlifíṣọ̀n tàn. Zulfah di tíránsítọ̀ tó jóná àti fíúsì oníbébà yẹn sínú ọ̀rá kékeré, ó ta á ní kókó, ó nà án sí Usamah. "Ohun tí a bá yọ, olóhun ló ni ín. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a jalè. Ẹ fún Àlhájà ìyá yín."

Lẹ́yìn náà ló mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan lórí tábìlì, ó kán an sórí síkúrù ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹ̀ ń bá tẹlifíṣọ̀n ṣoge ni?"

"Bàbá mi ló kọ́ mi. Tí ẹnikẹ́ni bá tú u lẹ́yìn mi, kútẹ́ẹ̀sì á fọ́. Màá mọ̀."

Usamah wo èékánná rẹ̀. Wọ́n mọ́ nini, kò sí ọ̀dà kankan lórí wọn. "Tiyín ńkọ́?"

"Mò ń kírun. Omi àlùwàlá gbọ́dọ̀ kan èékánná. Síkúrù kì í kírun."

Ẹ má gbàgbé ọ̀rá kékeré yẹn o, nítorí Usamah gbàgbé ẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ òótọ́: ó fi í pamọ́. Ó rò ó pé bí ìyá òun bá rí fíúsì yẹn, wọ́n á bèèrè ẹni tó wé bébà mọ́ ọn. Ó gbé e lọ sí ilé ìwé ní Ara, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ò ti yé bàjẹ́ mọ́ nílé Usamah. Lọ́sẹ̀ yìí, rédíò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Tó bá ti ń ti Ara bọ̀, á ra bọ̀ọ̀lì gbígbóná àti ẹ̀pà, á yà ní Òkè Gadà. Ọ̀rọ̀ "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé tọ́ọ̀ṣì wá. Zulfah ṣí ìdí rẹ̀.

"Físíìsì, ṣé o rí i pé o dojú bátìrì dé?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá rí i ni."

"Mo ti rí i. Rédíò ọjọ́sí náà, ìwọ lo já wáyà rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ojú eyín wà lára ẹ̀."

"Zulfah mi, ṣé kí n sọ òótọ́?"

"Sọ ọ́ kí bọ̀ọ̀lì tó tutù."

"Nílé wa, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ mọ́. Èmi nìkan ló kù. Mo fẹ́ kó o di aya mi."

Zulfah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó wù mí," ó ní, "ó wù mí púpọ̀. Àmọ́ ìyá ẹ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àlhájà Qúdrát, ìyá Usamah, ń ta òwú àti bọ́tìnnì lọ́jà Tìmì. Ó ti yà wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí ìgò kútẹ́ẹ̀sì lórí tábìlì. Ó délé, ó ní, "Oníhíjáàbù tó ń kun èékánná! Báwo ló ṣe ń ṣàlùwàlá? Irun wo ló ń kí?" Kò wo ọwọ́ ọmọ. Kò bi í. Ìgò nìkan ló rí, ó ti dájọ́ tán. Àwọn èèyàn á rí ìgò, wọn ò ní rí ọwọ́!

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ọkọ rẹ̀ ń tàn rekete, ìyẹn sì pẹ̀tù sí i nínú. Nígbà tó yá, ó ní òun gbà. Wọ́n fi í sí pé lẹ́yìn ọdún ìtunu ààwẹ̀, ẹbí Usamah á lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́dọ̀ Álífà Abdulmujeeb, àbúrò bàbá Zulfah.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n tún kú.

Wọ́n mú iná wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná náà lágbára jù, gílóòbù méjì bẹ́ nínú ilé. Tẹlifíṣọ̀n pa fìì. Usamah wà ní Ara. Àlhájà dá jáde, ó ní òun ò lè dúró, ó lọ pe Najeem.

Najeem yìí, ọmọṣẹ́ Ọládòṣù ni tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú ọ̀gá rẹ̀ ló wá bá ẹbí pé kí wọ́n fún òun ní ṣọ́ọ̀bù, pé obìnrin á relé ọkọ, irin á dípẹtà. Zulfah ní kó jáde. Àtìgbà náà ló ti dì í sínú.

Ó gbá tẹlifíṣọ̀n lórí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ta ló ṣe é kẹ́yìn?" Àlhájà dárúkọ Zulfah. Najeem mi orí. Àsìkò ìrun Àsárì tó, Àlhájà wọ yàrá lọ kírun. Ìgbà tó jáde, Najeem ti ń nu ọwọ́.

"Àlhájà, mo ti tú u, mo sì ti dè é padà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Wọ́n ti yọ ojúlówó inú ẹ̀, wọ́n ti fi ayédèrú sí i. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o."

Àlhájà ti gbọ́ ọ tán. Ìgbà tí Usamah fi máa dé, ìyá rẹ̀ ti wà lórí ọ̀kadà. Usamah sáré wọ òmíràn, ó bá a ní Òkè Gadà.

"Zulfah dà? Jáde síta, olè!"

Zulfah jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Kí ló dé?"

"Má kí mi! Kí lo yọ nínú tẹlifíṣọ̀n ọkọ mi?"

"Tíránsítọ̀ tó jóná ni mo yọ, mà. Mo fi tuntun sí i. Mo di èyí tó jóná sínú ọ̀rá, mo ní kí Usamah gbé e fún yín."

"Ọ̀rá wo? Mi ò rí ọ̀rá kankan. Usamah! Ṣé ó fún ọ ní nǹkan?"

Òkè Gadà ti dúró. Télọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Gbogbo ojú yí sí Usamah, Zulfah náà gbójú sókè níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó ń wò ó. Ó dá a lójú pé á sọ ọ́.

"Màámi," Usamah ní, "ẹ jẹ́ ká lọ sílé ná."

Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ná! Mo bi yín, ṣé "bẹ́ẹ̀ ni" wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni? Ọmọ ọdún méjì ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni". Àgbàlagbà ọkùnrin tó gbé tẹlifíṣọ̀n lé itan wá láti ọjà Tìmì, kò lè gbé ọ̀rọ̀ méjì!

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́?" Àlhájà kígbe. "Kò rí nǹkan sọ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé nǹkan síbí, ẹ yáa wá kó o kó tó di eegun lásán!"

Kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà, télọ̀ ti wá gba rédíò rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì gba fáànù tí wọn ò tíì dè padà, ó kó síkúrù rẹ̀ sínú abọ́. Orúkọ tí Ọládòṣù fi ọgbọ̀n ọdún kọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fi tú u ká. Zulfah jókòó láàárín tábìlì òfìfo. Omijé dé, ṣùgbọ́n ìbínú ló gbé e wá.

Usamah yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Zulfah, jọ̀ọ́..."

"Nígbà tí wọ́n bi ọ́, kí lo sọ?"

"Ojú ló tì mí."

"Ojú tì ọ́ kí wọ́n gbọ́ pé olùkọ́ físíìsì fi bébà wé fíúsì. Ojú ò tì ọ́ kí wọ́n pè mí lólè." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ìyẹn ló tún burú. "Mo fẹ́ràn ẹ, Usamah. Mi ò ní parọ́. Àmọ́ mi ò lè fẹ́ ẹni tó máa ń ní ká lọ sílé ná. Má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́ àfi tó o bá sọ òótọ́ fún ìyá ẹ. Tó o bá sì sọ ọ́ tán, mi ò ṣèlérí nǹkan kan."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Álífà Abdulmujeeb ránṣẹ́ sí ilé Àlhájà pé kí wọ́n má wulẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́.

Usamah ò rí oúnjẹ jẹ. Ó tọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì ó gba Ara lọ, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ọ̀rá náà, ó padà wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó tú kókó rẹ̀, ó da inú rẹ̀ sórí ẹní. "Màámi, èmi ni mo wé bébà yìí. Èmi ni mo ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Gbogbo ohun tí Zulfah sọ, òótọ́ ni."

Àlhájà wo tíránsítọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, àánú ọmọ náà ṣe é. "Usamah mi, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ. Irú nǹkan báyìí kún ààtàn. Ẹni tó fi ojú ara ẹ̀ rí inú ẹ̀ ti sọ fún mi."

Ẹ ò rí ayé? Ó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ tán, wọn ò gbà á gbọ́ mọ́. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò dìde. "Nígbà náà, màámi, ẹ pe Najeem, ẹ pe Zulfah, kí wọ́n tú u lójú gbogbo wa. Tó bá jẹ́ olè ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí."

Àlhájà gbà. Usamah lọ dúró lójú títì níwájú ṣọ́ọ̀bù Zulfah, kò tẹ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti sọ fún un pé òun ti jẹ́wọ́, pé kó wá kí wọ́n tú tẹlifíṣọ̀n lójú gbogbo wọn.

"Màá wá," ni Zulfah dáhùn láìgbójú sókè. "Kì í ṣe nítorí ẹ o. Nítorí orúkọ bàbá mi ni."

Àárọ̀ Sátidé, pálọ̀ Àlhájà kún. Álífà Abdulmujeeb jókòó sórí àga, Najeem dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fáànù òkè ń yí gbirigbiri. Tẹlifíṣọ̀n wà níbi tí olóògbé gbé e sí. Ọdún méjìdínlógún nìyí, àfi ọjọ́ tó lọ sí Òkè Gadà nìkan ló kúrò níbẹ̀, Àlhájà kì í jẹ́ kí wọ́n sún un.

Zulfah kí gbogbo wọn tán, ó yíjú sí Najeem. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ lẹ tú tẹlifíṣọ̀n yìí?"

"Mo tú u."

"Ẹ̀yìn lẹ gbà?"

"Ibo la tún ń gbà?"

"Síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ṣé a máa ń fi eyín tú u ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Àlhájà. "Mo tú u, mo rí ayédèrú, mo dè é padà. Màá búra."

"Ẹ ṣe sùúrù," Álífà ní. "A ò tíì dé ibi ìbúra."

"Àlhájà," Zulfah ní, "mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Kí lẹ rí lórí àwọn síkúrù yẹn?"

Àlhájà tẹ̀ ba, ó gbé ojú sún mọ́ ọn. "Ọ̀dà pupa... Kútẹ́ẹ̀sì kọ́ nìyí?"

"Òun ni, mà. Òun lẹ rí lórí tábìlì mi tẹ́ ẹ fi sọ pé mi ò kírun bó ṣe yẹ." Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú. "Ẹ wo èékánná mi."

Àlhájà wò wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Zulfah na sukudíráfà sí Najeem. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tú ẹyọ kan ṣoṣo, kí wọ́n rí bó ṣe ń ṣe."

Najeem ò gbà á. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Usamah ló gbà á, ó ki í bọ orí síkúrù kan, ó yí i. Kútẹ́ẹ̀sì dún pẹ́ẹ́, ó là, pàǹtí pupa wẹ́wẹ́ já sílẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Ọ̀kan ṣoṣo náà ló fọ́. Mẹ́ta tó kù ń dán gbinrin bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Zulfah kán an.

Àlhájà wo pàǹtí ilẹ̀, ó wo síkúrù mẹ́ta, ó yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Najeem," ó ní, "ibo lo gbà wọlé?"

"Àlhájà, ìrírí ni... mo fi ìrírí sọ ọ́ ni..."

"Ìrírí! Mo wà lórí ẹní ìrun, o jókòó sí pálọ̀ mi ò ń hun irọ́! O sọ mí di ẹni tó ń pariwo olè mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nígboro! Jáde! Jáde kí n tó fi bàtà gbé ọ jáde!"

Najeem jáde. Irùngbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Kí ló wá ṣe é tí kò tàn?" Álífà bèèrè.

Zulfah mú gílóòbù kan tó ní wáyà méjì nínú àpò, ó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tí tẹlifíṣọ̀n ń lò. Kò tàn. Ó gbójú sí fáànù tó ń yí lókè. "Iná wà nílé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló kú. Ìyà ẹlòmíràn ni tẹlifíṣọ̀n ń jẹ." Ó fa wáyà gígùn láti yàrá, ó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Iná pupa yọ níwájú. Gọngọ, ohùn jáde, àwòrán tẹ̀ lé e.

Ó yíjú sí Usamah. "Físíìsì! Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, o ò yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò?"

"Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ ló padà wá," Usamah dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àlhájà fa Zulfah mọ́ra, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ọlọ́run ló ń dárí jini, ìwọ náà dárí jì mí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé á tán síbẹ̀, ẹ ò mọ ọmọ Ọládòṣù. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì sọ ọ́. "Mo ti gbọ́, mà. Àmọ́ kì í ṣe pálọ̀ yìí lẹ ti pè mí lólè. Òkè Gadà ni. Ibi tẹ́ ẹ ti pè mí lólè náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti pè mí lórúkọ mi."

"Zulfah," Álífà ní, "àgbà ni wọ́n o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ohùn àgbà ló jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́."

Àlhájà wo tẹlifíṣọ̀n ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ tó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìborùn rẹ̀ yọ lórí àga. "Usamah, lọ pe kẹ̀kẹ́ wá."

Ní Òkè Gadà, ohùn tó fi kígbe lọ́jọ́ yẹn náà ló gbé sókè. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ gbọ́ o! Èmi Qúdrát tí mo wá pariwo níjọ́sí, irọ́ ni mo gbà gbọ́! Zulfah ọmọ Ọládòṣù kì í ṣe olè! Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mo ti fojú ara mi rí i! Ẹ gbé ẹrù yín padà wá!"

Usamah bọ́ síwájú, ó gbé ọ̀rá kékeré yẹn sókè. "Ó fún mi ní èyí, mo fi í pamọ́. Èmi ni mo fi bébà sìgá wé fíúsì. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní físíìsì."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà lójú títì, àti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń pè é ní Tíṣà Bébà Sìgá ní Ara. Kò bínú. Ó ní orúkọ náà bá òun mu.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ gbé rédíò padà, kò lè wo ojú Zulfah. Nígbà tí èrò túká, Usamah ṣì dúró síta.

"Wọlé," Zulfah ní.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì mọ̀. Mú ọwọ́ ẹ wá."

Ó na ọwọ́. Zulfah ṣí ìgò kútẹ́ẹ̀sì, ó kán an sórí èékánná ọmọńdinrín rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ.

"Kí lèyí?"

"Mo ti tú ọ wò. Mo ti rí ohun tó jóná nínú ẹ, a sì ti yọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Tí ẹnikẹ́ni bá tú ọ lẹ́yìn mi, màá mọ̀."

Usamah wo èékánná náà, ẹ̀rín ń yọ lójú rẹ̀. "Àlùwàlá mi ńkọ́?"

"Tí àkókò ìrun bá tó, fi kẹrosíìnì nù ún. Tó o bá kírun tán, padà wá kí n kùn ún."

"Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́?"

"Ṣé ó pọ̀ jù ni?"

"Ó kéré jù."

Lẹ́yìn ọdún ìtunu ààwẹ̀, wọ́n so yìgì. Álífà ní kí wọ́n tètè so ó kí kẹrosíìnì tí Zulfah ń kó nílé òun tó tán. Nígbà tí wọ́n ń tú ẹrù ìyàwó wò, wọ́n bá ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa tuntun kan láàárín aṣọ àti Kùránì. Àwọn obìnrin wo ara wọn lójú. Àlhájà Qúdrát dìde lórí àga. "Èmi ni mo fi í síbẹ̀," ó ní. "Ti síkúrù ni. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó bèèrè."

Tẹ́ ẹ bá gbé tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn lọ sí Òkè Gadà lónìí, tí ẹnu yín sì yá ju orí yín lọ, tẹ́ ẹ bèèrè bóyá ọkùnrin kankan wà níbẹ̀, Zulfah ò ní bínú mọ́. Ọkùnrin wà. Òun ló ń bá ọ̀gá tan tọ́ọ̀ṣì.